Fìtílà Olówó Pọ́ọ́kú fún Ẹni tí ń Gun Kẹ̀kẹ́ Lórí Òkè Lóru

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òtítọ́ ní ọ̀sán gangan, ó jẹ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí orí òkè lóru, nínú igbó níbi tí kò sí iná ìgboro, tí ọ̀nà kò sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ojú mìíràn bí kò ṣe fìtílà tí ó gbé dání. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ díẹ̀ nípa bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè yan fìtílà tí kò ní dójú tì í. Oríṣiríṣi wọn ni ó kún orí àtẹ lónìí, iye owó wọn sì yàtọ̀ sí ara wọn gidigidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìyàtọ̀ owó ń jẹ́ ìyàtọ̀ iṣẹ́. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ni pé ìṣirò kékeré, irú èyí tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, tó láti gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀tàn ọjà, ó sì tó láti gbà á lọ́wọ́ ìṣubú pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní àgbègbè Marin, ní ìpínlẹ̀ California ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tí táyà wọn nípọn jọ, wọ́n sì ń fi wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ní ọjọ́ 21 oṣù October, ọdún 1976, wọ́n ṣe eré ìje kan lórí ọ̀nà Pine Mountain, nítòsí ìlú Fairfax. Wọ́n sọ ọ̀nà náà ní Repack, èyí tí í ṣe àtúnkì, nítorí pé ìjánu ẹ̀yìn àwọn kẹ̀kẹ́ náà a máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gírísì inú rẹ̀ fi ń di èéfín, tí wọ́n fi ní láti tún un kì kí wọn tó lè gùn ún mọ́. Láti ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ̀kẹ́ tí a dìídì rọ fún orí òkè. Ní ọdún 1992 a ṣe eré ìje oníwákàtí 24 kan ní Canaan, ní ìpínlẹ̀ West Virginia. Bí eré bá sì gba ọ̀sán àti òru, dandan ni kí fìtílà di ara ohun ìjà olùsáré, bí ìjánu àti táyà ti jẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ìje nìkan ni ó ń mú ènìyàn gun òkè lóru. Ní ilẹ̀ Yorùbá, oòrùn kì í tètè wọ̀ ju agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ, kì í sì í pẹ́ ju agogo méje àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ní gbogbo ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní apá àríwá ayé. Ní òkè Scotland, nítòsí Inverness, oòrùn a máa wọ̀ kí agogo mẹ́rin tó lù ní oṣù December, kì í sì í yọ títí yóò fi kù díẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lù. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án níbẹ̀ kò ní àkókò mìíràn fún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe òkùnkùn. Àwọn ará ibẹ̀ tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yan oṣù January fún eré ìje oníwákàtí 24 tí a ń pè ní Strathpuffer, lẹ́bàá ìlú Strathpeffer, nígbà tí òru fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 17. Ibẹ̀ ni a lè fojú inú wò bí a ti ń ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: òtútù, ẹrẹ̀, gbòǹgbò igi, òkúta yíyọ̀, kùrukùru, àti ènìyàn kan lórí kẹ̀kẹ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó tọ́ kí olùrà bi ara rẹ̀ kì í ṣe, “Fìtílà wo ni ó mọ́lẹ̀ jù?” Kàkà bẹ́ẹ̀, kí ó bèèrè pé, “Báwo ni ó ti yẹ kí n ríran jìnnà tó?” Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ń sáré kìlómítà 18 ní wákàtí kan ń lọ mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ìgbà tí ojú bá rí òkúta títí di ìgbà tí ọwọ́ bá fa ìjánu, kí a ka ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀. Mítà 7 àti ààbọ̀ ti kọjá. Lórí ilẹ̀ tí òkúta wẹ́wẹ́ kún, kẹ̀kẹ́ yóò tún yí ní nǹkan bíi mítà 4 kí ó tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí mítà 12. Bí ẹni kan náà bá wá sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, èyí tí í ṣe kìlómítà 36 ní wákàtí kan, mítà 15 ni yóò kọjá kí ọwọ́ rẹ̀ tó fa ìjánu, kẹ̀kẹ́ yóò sì yí ní nǹkan bíi mítà 17 kí ó tó dúró. Ìyẹn jẹ́ 32. A rí i báyìí pé eré di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìjánu ń gbà di ìlọ́po mẹ́rin.

Nínú ìṣirò yìí ni òfin àkọ́kọ́ wà: fìtílà ni ó ń pàṣẹ eré. Ẹni tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kọjá mítà 15 kò gbọ́dọ̀ sáré bí ẹni tí ó ń rí mítà 40. Bí owó kò bá sì tó láti ra ìmọ́lẹ̀ tí ń lọ jìnnà, ènìyàn lè fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì eré san ìyókù gbèsè náà. Kò sí ohun tí ó dínwó tó èyí nínú gbogbo ìsọ̀ oníkẹ̀kẹ́.

Nígbà àtijọ́, ní nǹkan bí ọdún 1900, kábáàdì ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń lò. Omi a máa kán sórí kábáàdì nínú agolo kékeré kan, afẹ́fẹ́ tí ó ti inú rẹ̀ jáde a sì máa jó. Lẹ́yìn náà ni gílóòbù oníwáyà tín-ín-rín dé, èyí tí púpọ̀ nínú agbára bátìrì rẹ̀ ń di ooru lásán. Ohun tí ó mú ìmọ́lẹ̀ rere bọ́ sí ọwọ́ tálákà ni iná LED. LED pupa ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè ṣe ìmọ́lẹ̀ funfun láìsí aláwọ̀ búlúù. Ní ọdún 1993 ni Shuji Nakamura ní ilẹ̀ Japan fi LED búlúù tí ó mọ́lẹ̀ dáradára hàn. A sì fi ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2014 dá òun àti Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano lọ́lá nítorí iṣẹ́ yìí. Bí a bá fi èròjà tí ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú bo LED búlúù, àdàlù ìmọ́lẹ̀ méjèèjì a máa dàbí funfun lójú wa. Nípa báyìí ni fìtílà tí ó wọ àtẹ́lẹwọ́ ṣe lè ṣe iṣẹ́ tí fìtílà ńlá àtijọ́ kò lè ṣe.

Ṣùgbọ́n ibi tí ire bá wà ni àwọn ẹlẹ́tàn ń pọ̀ sí. Lára páálí fìtílà, a ó rí iye lúmẹ́nì tí a kọ gàdàgbà gadagba. Lúmẹ́nì ni ìwọ̀n gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde lára fìtílà. Àbẹ́là kan ń mú nǹkan bíi lúmẹ́nì 12 jáde. Nítorí náà fìtílà onílúmẹ́nì 1,000 tó àbẹ́là tí ó lé ní 80. Ìmọ́lẹ̀ ńlá ni ìyẹn. Síbẹ̀ a ó rí fìtílà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tí a kọ 5,000 tàbí 10,000 sí lára, tí a sì tún kọ ọ́ pé yóò jó fún wákàtí 6. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Bátìrì ni kí a bi léèrè, nítorí fìtílà kò lè ná ju ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀ lọ. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó wọ́pọ̀ jù nínú fìtílà wọ̀nyí ni èyí tí a ń pè ní 18650, nítorí pé ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 18, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 65. Agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi fóólìtì 3.6. Èyí tí ó dára gan-an nínú wọn ń gba nǹkan bí 3,500 mAh. Bí a bá rí èyí tí a kọ 9,900 sí lára, kí a mọ̀ pé irọ́ ni, kí a sì fi í sílẹ̀ lórí àtẹ. Bí a bá sọ 3,500 mAh di ámpíà, ó di 3.5, bí a bá fi 3.6 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó rí 12.6. Èyí ni iye wáàtì tí bátìrì kan lè pèsè fún wákàtí kan.

Nísinsìnyí, LED tí a ṣe dáradára ń fi wáàtì kan mú nǹkan bíi lúmẹ́nì 100 jáde. Nítorí náà lúmẹ́nì 1,000 ń fẹ́ wáàtì 10, bátìrì kan yóò sì gbé e fún wákàtí kan àti ìdámẹ́rin. Lúmẹ́nì 400 ń fẹ́ wáàtì 4, bátìrì kan náà yóò sì gbé e fún wákàtí 3 ó lé díẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí a dán fìtílà alásọdùn nnì wò: lúmẹ́nì 5,000 ń fẹ́ wáàtì 50, fún wákàtí 6, ó di 300. Bátìrì 24 ni ó lè pèsè iye yìí, ìwọ̀n wọn yóò sì lé ní kìlógíráàmù kan. Bí fìtílà náà bá fúyẹ́ lọ́wọ́, tí kò sì ní ju bátìrì kan tàbí méjì lọ, ẹ̀rí ti hàn sí i. Ìṣirò yìí kò gba ìṣẹ́jú méjì, kò sì sí oníṣòwò tí ó lè fi ẹnu dùn-ún-dùn-ún yí i padà.

Ó tún yẹ kí a mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rẹ̀ sílẹ̀. Bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó kù níbẹ̀. Nítorí náà bí lúmẹ́nì 1,000 bá fi ọ̀nà hàn wá dé mítà 30, lúmẹ́nì 2,000 láti inú irú fìtílà kan náà kò ní fi í hàn dé 60, bí kò ṣe nǹkan bíi 42. Ẹni tí ó san owó ìlọ́po méjì kò rí ojú ìlọ́po méjì gbà. Bákan náà, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù ní iwájú táyà, ojú a sé mọ́ òkùnkùn tí ó wà lọ́nà jíjìn.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ṣe pàtàkì ju bí ó ti pọ̀ tó. Fìtílà tí a so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wà nísàlẹ̀ ojú wa. Nítorí náà òkúta àti gbòǹgbò a máa ní òjìji lẹ́yìn wọn, òjìji yìí ni ó sì ń sọ fún wa bí wọ́n ti ga tó àti bí kòtò ti jìn tó. Ṣùgbọ́n fìtílà yìí kò lè wo ibi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò bá kọjú sí. Ní ibi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà, igbó ni yóò máa tàn sí, nígbà tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ wà nínú òkùnkùn. Fìtílà tí a so mọ́ àṣíborí, ní tirẹ̀, ń tàn sí ibikíbi tí a bá wò. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ó súnmọ́ ojú jù, kì í sì í jẹ́ kí a rí òjìji. Ilẹ̀ gbogbo a dàbí ẹni pé ó tẹ́jú, kòtò a sì farapamọ́. Nínú kùrukùru, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a tún máa padà ta sí wa lójú.

Nítorí èyí, ìmọ̀ràn wa fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré ni pé kí ó ra fìtílà kékeré méjì tí ó jẹ́ olóòótọ́, dípò ńlá kan ṣoṣo. Kí èyí tí yóò wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ní ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ̀, ní nǹkan bíi lúmẹ́nì 800 sí 1,000. Kí ti àṣíborí fúyẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ṣù jọ láti lọ jìnnà, 400 tàbí 500 sì tó o. Bí owó kò bá tó fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí a kọ́kọ́ ra ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí a sì fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sínú àpò. Ohun tí ó ń bẹ nínú ọ̀ràn yìí ju ìrọ̀rùn lọ. Fìtílà kan ṣoṣo tí ó kú lójijì lórí ìsọ̀kalẹ̀ òkè a fọ́ olùwa rẹ̀ lójú ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sì ní dúró pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá ní méjì, ọ̀kan yóò ṣì máa tàn títí a ó fi dúró, yóò sì mú wa délé.

Ẹ jẹ́ kí a tún tọ́ka sí àwọn nǹkan mélòó kan tí ó yẹ kí olùrà wò. Èkíní ni bí ìmọ́lẹ̀ ti ń pẹ́ tó. Ìlànà kan wà tí a ń pè ní FL 1, tí a gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, tí ó sọ bí a ó ṣe wọn ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Fìtílà tí ó tẹ̀ lé e ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju èyí tí kò tẹ̀ lé ìlànà kankan lọ. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, a ń ka àkókò títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nítorí náà “wákàtí 3” lára páálí kì í ṣe wákàtí 3 ìmọ́lẹ̀ kíkún. Kí a tan fìtílà náà nílé, kí a sì fi aago ṣọ́ ọ, kí a tó gbé e lọ sí òkè. Kí a gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ nígbà náà, nítorí LED a máa gbóná, ọ̀pọ̀ fìtílà ni a sì ti ṣe kí wọ́n máa dín ìmọ́lẹ̀ wọn kù bí ooru bá pọ̀.

Èkejì ni omi. Àmì IPX4 túmọ̀ sí pé òjò tí ó ta sí i kò ní bà á jẹ́. IPX7 túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú omi tí ó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Fún òjò àti ẹrẹ̀, èyí àkọ́kọ́ tó. Ẹ̀kẹta ni òtútù, nítorí bátìrì lítíọ́ọ̀mù kì í lè ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nínú òtútù. Ẹni tí ń gun òkè Scotland ní January, kí ó fi bátìrì àfirọ́pò sí àpò abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, kí ara rẹ̀ lè mú un móoru. Ẹ̀kẹrin ni ìdè tí ó so fìtílà mọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ó bá ń mì, ìmọ́lẹ̀ yóò máa jó lójú ọ̀nà, ojú kò sì ní mọ ohun tí ó ń wò. Ẹ̀karùn-ún ni pé kí bátìrì náà ṣeé yọ. Bí bátìrì tí a sé mọ́ inú fìtílà bá gbó, fìtílà gbó pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń lo 18650 yóò máa bá wa lọ fún ọdún púpọ̀, bátìrì nìkan ni a ó máa pààrọ̀. Níhìn-ín ni fìtílà tí ó dàbí ẹni pé ó wọ́n díẹ̀ ti ń di olówó pọ́ọ́kú níkẹyìn.

Bí ó bá di pé kí a dín owó kù, kí a má ṣe dín in níbi bátìrì àti ohun tí a fi ń gba iná sí i. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí kò dára lè gbiná, iná rẹ̀ kì í sì í tètè kú. Kí a má ṣe fi í sí iná kí a sì lọ sùn. Kí a má ṣe lo èyí tí ó wú tàbí tí awọ ara rẹ̀ ti ya. Kí a má sì jù ú sí ààtàn pẹ̀lú pàǹtí ilé.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan nípa ẹnì kejì wa. Kí olùgun òkè tó dé òkè, yóò gba ojú títì kọjá, ibẹ̀ sì ní òfin tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1989 ní kí ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ lóru ní iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn, àti ohun pupa tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́yìn pẹ̀lú. Nítorí náà iná pupa ẹ̀yìn wà lára owó tí a gbọ́dọ̀ ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà òkè rí roboto, ó sì ń tàn sókè àti sísàlẹ̀. Bí a bá kọjú rẹ̀ sí awakọ̀, kò ní ríran, ewu tí a sá fún lórí òkè yóò sì bá wa lójú títì. Kí a tẹ orí rẹ̀ wá sílẹ̀, kí a dín in kù, kí a sì pa ti àṣíborí.

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lè mú ẹ̀kọ́ kan jáde nínú gbogbo èyí fún kíláàsì wa. Àwọn ọmọ a máa bèèrè ohun tí ìlọ́po àti ìpín wà fún. Ẹ fi páálí fìtílà kan lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n ṣírò bóyá bátìrì inú rẹ̀ lè san ohun tí a kọ sí ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra fìtílà rẹ̀ nípa ìṣirò, tí ó gbé méjì dání, tí ó sì jẹ́ kí eré rẹ̀ mọ ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, kò ná owó púpọ̀, yóò sì ti inú igbó náà jáde ní àlàáfíà bí ó ti wọ̀ ọ́.